Ibùsùn Onídẹ Inú Àpò Kòkó

"Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

Ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ti sanwó àga onítìmùtìmù méjì tó wá rà. Ó ti gbé ọ̀kan síta, ó padà wá gbé èkejì, ni ojú rẹ̀ bá lọ sí igun yàrá ẹrù. Àpò kòkó mẹ́ta tí wọ́n rán pọ̀ di ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ti ògiri. Eku ti jẹ ẹ́ létí kan, nǹkan kan sì ń dán níbi tí eku jẹ.

"Irin àtijọ́ ni, sà," ni Mọ́ṣádé wí. "Kì í ṣe títà."

"Irin àtijọ́ kì í dán báyìí. Jẹ́ kí n rí i."

Mọ́ṣádé bọ́ síwájú àpò náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì karùn-ún, ọ̀dọ̀ Màmá Susannah, ìyá bàbá rẹ̀, ló sì ń gbé ní Ìjàsí nítorí pé Kàdúná ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Màmá ti lọ sí Ayépé lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Kó tó lọ, ó mú Mọ́ṣádé wọ yàrá ẹrù, ó ní, "Gbogbo ohun tí a kò lò mọ́ níbí, bá mi tà á kí ilé lè láyè. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àpò kòkó yẹn, má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Màmá?"

"Ẹrù àgbà ni."

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń fún ọmọdé nígbà tí wọn kò bá fẹ́ dáhùn. Wọ́n á rò pé àwọn ti sọ̀rọ̀ tán. Ọmọdé ní tirẹ̀ á rò pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Ọdún 1987 ni. Nǹkan ti gbówó lórí, owó oṣù kò sì dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló wá di ọlọ́jà. Ẹni tó ní fáànù méjì ta ọ̀kan. Ẹni tó ní fìríìjì tí iná kò jẹ́ kó lò, ó tà á. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé ara wọn ni pátákó kan tí Ọ̀gá Harold, ayàwòrán, gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Ajé. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ tà, wàá kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wàá kọ àdúgbò rẹ sí i, wàá fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á já ìwé náà, á mú un dání wá sílé rẹ. Ọ̀gá Harold kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó ń retí ni pé ẹni tó bá dúró kàwé á kúkú wọlé wá ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Matilda, ọmọ Ọ̀gá Harold, ni ọ̀rẹ́ Mọ́ṣádé ní ilé ìwé. Matilda àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin mìíràn ti fẹnu kò pé bàtà pupa gíga kan náà ni àwọn máa wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ìdágbére kíláàsì karùn-ún. Ẹni tí kò bá ní in kò ní í jókòó ti tábìlì àwọn. Ọ̀rọ̀ bàtà yìí ti gba oorun lójú Mọ́ṣádé. Owó àga, ti Màmá ni, kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n irin inú àpò yìí ńkọ́? Láti ìgbà tó ti ń gbé ilé náà, kò rí ẹnì kan tó tú u rí. Bí wọ́n bá tà á, ta ló máa mọ̀?

Ó tú okùn àpò náà.

Ibùsùn ni wọ́n tú palẹ̀ síbẹ̀, ibùsùn onídẹ ayé ijọ́un, orí rẹ̀ ga, wọ́n ṣe òdòdó idẹ sí i lára, ọmọrí ribiti sì wà lórí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀kan nínú àwọn ọmọrí náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Iye tó dá lé e ju owó bàtà lọ. Òun àti Mọ́ṣádé ni wọ́n jọ gbé e sínú ọkọ̀ píkáàpù rẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi tán.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, àpò òfìfo náà wá ń wo Mọ́ṣádé. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Simeon káfíńtà máa ń kó àjákù pákó sí. Simeon ló gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé lọ́wọ́ Màmá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sì lè rí Màmá kó má gba ẹrù lórí rẹ̀. Mọ́ṣádé ṣa pákó tó gùn lára àjákù náà, ó kó wọn sínú àpò, ó so ó, ó fi ti ògiri bó ṣe wà. Ibi tí eku jẹ ló yí sí ọ̀dọ̀ ògiri.

Màmá dé láti Ayépé, ó gba owó àga, ó wo yàrá ẹrù láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mọ́ṣádé ra bàtà, ó tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ Matilda. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Oṣù yẹn kò tíì parí nígbà tí obìnrin àgbàlagbà mẹ́ta wọ ilé náà ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Màmá Bọ́dúnrìn ló ṣáájú wọn, olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Màmá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ bí sígbà kan náà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá ń bó iṣu ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. Bó ṣe rí ojú wọn, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ta ni nínú wa?" ló bi wọ́n.

"Edith ni," ni Màmá Bọ́dúnrìn wí. "Àfẹ̀mọ́júmọ́ òní, ní ọsibítù. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni wọ́n máa gbé e wálé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú. Susannah, a wá gbé ẹrù wa."

Màmá sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nujú. Lẹ́yìn náà ló pe Simeon pé kó wá bá wọn gbé nǹkan kan, ó pe Mọ́ṣádé pé kó wá ṣí ilẹ̀kùn. Mọ́ṣádé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú ilé, kò mọ ẹrù tí wọ́n ń sọ. Ìgbà tí Màmá nawọ́ sí igun yàrá ẹrù ló mọ̀.

Simeon bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí àpò náà sókè. Ó dúró.

"Màmá, ẹ ní irin ni?"

"Irin ni. Rọra, ó wúwo."

"Kò wúwo, Màmá."

Wọ́n tú u. Pákó ni wọ́n bá níbẹ̀. Simeon mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó rí ibi tó ti fi pẹ́ńsù fa ilà sí i. Inú kan ni Simeon fi sọ̀rọ̀, nítorí kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Ó ní, "Pákó tèmi nìyí. Ta ló kó o síbí?"

Àwọn àgbàlagbà mẹ́rin náà wo ara wọn, wọ́n wo pákó, wọ́n wá wo Simeon. Ẹ̀rù bà á nígbà tó yá, ó gbé pákó náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá Bọ́dúnrìn wí. "Ẹni tó ni pákó ló mọ ibi tí irin wà. Ọmọkùnrin, mi ò ní í pariwo. Kó irin wa padà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá sọ èyí tó kù fún ọlọ́pàá."

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má fi Ọlọ́run búra. Irin ni mo béèrè."

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Simeon pa pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nínú. Màmá Susannah kò dá sí i. Ó kàn ń wo Simeon bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bú. Mọ́ṣádé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó tì í lójú níwájú àwọn àlejò. Ó ní bí wọ́n bá lọ tán, òun á sọ. Wọ́n lọ tán, kò sọ.

Màmá jókòó sórí àpótí nínú yàrá ẹrù náà, ó pe Mọ́ṣádé jókòó. Nígbà yẹn ló tó sọ ohun tó yẹ kó ti sọ tipẹ́.

"Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, ọ̀kan nínú wa kú. Dọ̀káàsì lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò ní ibùsùn tó ṣeé tẹ́ òkú sí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ yá a ní tirẹ̀, nítorí ta ló máa padà sùn sórí rẹ̀? Ẹní ni wọ́n tẹ́ Dọ̀káàsì sí nílẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń kọjá létí orí rẹ̀. A sunkún ọjọ́ yẹn. A wá dáwó, a ra ibùsùn onídẹ kan, a sì búra pé kò sí ẹnì kan nínú wa tí wọ́n máa tún tẹ́ sórí ẹní. Èmi ni wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀, nítorí wọ́n ní mo máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ibùsùn òkú ni. A kì í dárúkọ rẹ̀ létí ọmọdé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ fún ọ." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí inú Màmá bá ṣe ń bàjẹ́ tó ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ tó. "Kò sí ohun tí mo lè wí fún Edith. Ojú wo ni mo máa fi wò ó lọ́la?"

Mọ́ṣádé ní òun ń lọ ra kẹrosíìnì. Ó sáré títí ó fi dé Òkè-Ajé.

Matilda gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fa Mọ́ṣádé wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé ẹnikẹ́ni rí ọ? Kò sí. Ṣé ẹ̀rí wà? Ti Simeon nìkan ló wà. Dákẹ́ ẹnu rẹ. Wọ́n á lù ú díẹ̀, wọ́n á lé e lọ, ọ̀rọ̀ á tán. Ayẹyẹ wa kù sí dẹ̀dẹ̀, o fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

"Kò ṣe nǹkan kan, Matilda."

"Ìwọ náà kò mọ̀ pé ti òkú ni."

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ tẹ́ Mọ́ṣádé lọ́rùn. Irọ́ tó bá fara pẹ́ òtítọ́ ló máa ń dùn mọ́ni jù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde ló rí fọ́tò tí Ọ̀gá Harold fi sára okùn kó lè gbẹ. Ọmọ ìkókó kan wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà jókòó sórí ibùsùn. Lẹ́yìn rẹ̀, òdòdó idẹ àti ọmọrí ribiti méjì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo nìyí?"

"Wàhábì ni, dírẹ́bà kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjagun," ni Ọ̀gá Harold wí. "Ibi ìsọmọlórúkọ wọn ni mo ti ya èyí. Ibùsùn yẹn dára, àbí? Ó ní pátákó mi níta yìí ni òun ti rí ilé tí òun ti rà á."

Kabúkabú ló gbé Mọ́ṣádé dé Ìjagun ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò pẹ́ kó tó rí ilé Wàhábì, nítorí píkáàpù náà wà níwájú rẹ̀. Wàhábì dá a mọ̀, ó pè é wọlé tayọ̀tayọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ràmọ́tà, fẹ̀yìn ti ibùsùn náà, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ náà, ó ń kọ mànàmànà.

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní ti Màmá àgbà òun ni, òun ṣèèṣì tà á ni.

"O ṣèèṣì?" Ẹ̀rín kúrò lójú Wàhábì. "O bá mi tú àpò. O bá mi gbé e sínú ọkọ̀. O ní kí n rọra kí n má ha á lára. Ṣé ìṣèèṣì nìyẹn? Mo sanwó, mi ò jí i gbé. Ìyàwó mi kò sì tíì pé ogójì ọjọ́ tó bímọ, ṣé ilẹ̀ ni kó lọ sùn?"

"Ẹ dákun, sà."

"Bó bá jẹ́ ti Màmá rẹ lóòótọ́, kí Màmá fẹnu ara wọn wá sọ ọ́ fún mi."

Bí Mọ́ṣádé bá sọ gbólóhùn kan péré, wọ́n á gbé ibùsùn náà síta fúnra wọn. Kó ní ibùsùn òkú ni. Ó la ẹnu. Ràmọ́tà gbé ojú sókè wò ó, ọmọ náà sì ti sùn, ọwọ́ rẹ̀ kékeré di ọ̀kan nínú àwọn òpó idẹ náà mú. Mọ́ṣádé rò ó pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyá yìí kò ní í tún sùn mọ́ láéláé, gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí bá ní ibà ni yóò máa rántí. Ó pa ẹnu dé. Ó dìde, ó kí wọn, ó jáde.

Lójú ọ̀nà ló wá yé e pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ẹnu Màmá ni ọ̀nà náà sì gbà.

Síbẹ̀, kò sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó bá Simeon lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì. Oníbàárà kan ti wá béèrè owó ilẹ̀kùn tó san sílẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ ilẹ̀kùn mọ́. Simeon kí Mọ́ṣádé bó ṣe máa ń kí i. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ náà gbà pé mo jalè?" Mọ́ṣádé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Ó dùbúlẹ̀, kò sùn.

Ní àárọ̀ Ẹtì, àwọn ìyá náà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Ọlọ́pàá náà kò fi àkókò ṣòfò, ó di Simeon mú ní ìbàdí ṣòkòtò. Àwọn ará àdúgbò ti jáde, wọ́n ń wò. Ẹnì kan ní òun ti ń fura sí ọmọkùnrin yìí tipẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ló jẹ àsè Kérésì lọ́dọ̀ Simeon. Simeon kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ojú Màmá Susannah nìkan ni Simeon ń wò, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Màmá yí ojú kúrò.

Mọ́ṣádé kò lè fara dà á mọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo tà á."

Màmá yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju èyí tí Mọ́ṣádé nìkan lè gbọ́ lọ.

"Tún un sọ."

"Èmi ni mo ta ibùsùn náà, Màmá. Èmi ni mo kó pákó Simeon sínú àpò. Bàtà ni mo fi owó rẹ̀ rà. Mo mọ ibi tó wà."

Màmá Bọ́dúnrìn pàtẹ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ṣùgbọ́n Màmá Susannah kò lu ọmọ, kò bú u. Ó rìn lọ síwájú Simeon, ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀ fún un lórí iyanrìn, ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, níwájú gbogbo Ìjàsí.

"Màmá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Simeon já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí i lẹ́sẹ̀ kí orí rẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju ti Màmá lọ.

"Ó mọ̀ mí bí ìyá, mo sì jẹ́ kí wọ́n pè é lólè," ni Màmá wí. "Ẹ má gbé mi dìde. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán."

Kò sí ẹgba tí wọ́n fi na Mọ́ṣádé láti kékeré rẹ̀ tó dùn ún tó èyí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún kíkan.

Nígbà tí Màmá dìde, kò tún sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n wá píkáàpù kan háyà. Ó wọ yàrá ara rẹ̀, ó ní kí Simeon bá òun tú ibùsùn ìrókò tí òun ń sùn sí, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Simeon béèrè pé níbo ni Màmá máa wá sùn. Màmá ní kó máa tú u lọ.

Ní Ìjagun, Màmá kọ́kọ́ kí Ràmọ́tà kú ewu ọmọ, ó gbé ọmọ náà, ó súre fún un, ó ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ yá oòrùn díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wá pe Wàhábì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níta. Mọ́ṣádé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó rí i tí Wàhábì gbé ọwọ́ lé orí, tó wo ẹ̀yìnkùlé, tó sì wo Màmá.

"Ẹ dákun, Màmá, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́."

"Kò ní í gbọ́ lẹ́nu mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Màmá nawọ́ sí píkáàpù tó háyà. "Ibùsùn tèmi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó nípọn ju eléyìí lọ. Mo bí ọmọ mẹ́fà lórí rẹ̀, gbogbo wọn ló wà láyé. Sọ fún ìyàwó rẹ pé màmá arúgbó kan ló fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, tó fi tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀."

Wọ́n tẹ́ Màmá Edith sórí ibùsùn onídẹ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí i. Orí rẹ̀ ga, kò sí ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń kọjá létí rẹ̀. Màmá Susannah dúró tì í títí wọ́n fi kọrin tán, ó lè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n tú ibùsùn náà palẹ̀, wọn kò gbé e padà wá sí Ìjàsí. Ilé Màmá Bọ́dúnrìn ni wọ́n gbé e lọ. Wọn kò bá Màmá jà, wọn kò sì sọ ìdí. Kò sí ohun tí wọ́n nílò láti sọ. Simeon náà dárí jì wọ́n, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní nígbàkigbà tí nǹkan bá ti sọ nù ní àdúgbò, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Mọ́ṣádé kò lọ síbi ayẹyẹ ìdágbére, bàtà pupa náà kò sì kan ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí ẹnì kan kò lò kì í ṣe ohun tí kò fẹ́. Kí ẹ tó ta ohun tó wà nínú ilé, ẹ béèrè ẹni tó ni ín, bí wọn kò bá sì dá yín lóhùn, ẹ fi í sílẹ̀. Àṣìṣe títà ṣeé tún ṣe, nítorí ibùsùn náà padà wá. Ìdákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹni jẹ ẹlòmíràn ni kò ní àtúnṣe. Mọ́ṣádé dákẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Orúkọ rere ọmọkùnrin kan lọ sí i, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìyá kan fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ náà sì lọ sí i.

Orí ẹní ni Màmá ń sùn láti ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ kan, Mọ́ṣádé ràn án lọ́wọ́ láti dìde, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà fún ilẹ̀ mọ́. Ó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Màmá wí. "Èmi náà jẹ̀bi, mo fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ." Ó di èjìká ọmọ náà mú. "Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé lọ́jọ́ tó bá kàn mí, ilé ẹlòmíràn ni ẹ ti máa lọ tọrọ ibùsùn onídẹ náà."